Oṣù Mẹ́fà Ìkọ́ṣẹ́ Tí Kò Dé Etí Ará Ìjerò

Lọ́dọọdún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Nàìjíríà ló ń kúrò nínú kíláàsì lọ fún ìkọ́ṣẹ́, èyí tí gbogbo wọn mọ̀ sí IT. Wọn á gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹ̀ka ìmọ̀ wọn, wọn á gba lọ́gbúùkù, wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ́fíìsì tí yóò gbà wọ́n kiri. Ẹni tó ń kọ́ nípa òkúta àti ohun inú ilẹ̀, ẹni tó ń kọ́ nípa omi àti ojú ọjọ́, ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn, ìlú ńlá ni gbogbo wọn ń forí lé: Adó-Èkìtì, Àkúrẹ́, Ìbàdàn, Èkó. Púpọ̀ nínú wọn ló ń fi oṣù yẹn ṣe fọ́tòkọ́pì, tí wọ́n ń gbé fáìlì láti yàrá kan sí òmíràn, tí wọ́n ń bá ọ̀gá ra oúnjẹ ọ̀sán. Bí oṣù bá pé, ọ̀gá á tẹ òǹtẹ̀ sí lọ́gbúùkù, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Lásìkò kan náà, òjò ń rọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Àgbàrá ń ṣàn bọ̀ láti orí òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Ní Ìjerò, ilẹ̀ tí wọ́n ti gbẹ́ nítorí ohun àlùmọ́nì lanu sílẹ̀. Ní Àrámọ̀kọ́, àgbẹ̀ ń wo ojú ọ̀run, ó ń rò ó bóyá kí òun gbin àgbàdo kejì tàbí kí òun ṣì mú sùúrù. Ìbéèrè pọ̀ lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀. Ìdáhùn púpọ̀ sì wà ní àwọn yunifásítì tí kò jìnnà sí wọn rárá. Ohun tí kò sí ni ẹni tí yóò gbé ìdáhùn lọ bá ìbéèrè ní èdè tí oníbèéèrè gbọ́. Iṣẹ́ tó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí máa kọ́ nìyẹn, òun gan-an sì ni ètò ìkọ́ṣẹ́ orílẹ̀-èdè yìí kọ̀ láti rí.

Ètò náà kì í ṣe tòní. Ìjọba ológun dá àjọ ITF sílẹ̀ ní 1971, àjọ náà sì gbé ètò SIWES kalẹ̀ ní 1973. Ìdí rẹ̀ dára. Àwọn agbanisíṣẹ́ ń ké pé àwọn tó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíga mọ ìwé, ṣùgbọ́n wọn kò mọ iṣẹ́. Wọ́n wá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbi iṣẹ́ kí ó tó gba oyè. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí ìdí náà ti wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n pè ní iṣẹ́ nígbà náà ni ẹ̀rọ, ilé iṣẹ́ ńlá, yàrá àyẹ̀wò àti ọ́fíìsì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sí abẹ́ igi níwájú ogún àgbẹ̀, kí ó ṣàlàyé ohun tí ó wà nínú omi kànga wọn títí tí yóò fi yé wọn, èyí kò sí nínú ohun tí wọ́n kà sí iṣẹ́. Títí di òní, kò tíì wọ ìṣirò.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà nílẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, kí a lè mọ bí àdánù náà ti tó. Ilẹ̀ Ìjerò jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí òkúta olówó iyebíye pọ̀ sí jù ní ilẹ̀ Yorùbá. Tánganran wà níbẹ̀, kọ̀lọ́ḿbáìtì àti táńtáláìtì wà níbẹ̀, amọ̀ funfun tí wọ́n ń pè ní kaolin wà níbẹ̀. Líthíọ́ọ̀mù náà wà níbẹ̀, èyí tí gbogbo ayé ń wá báyìí nítorí bátìrì fóònù àti ti ọkọ̀ oníná. Òfin Nàìjíríà fi ohun àlùmọ́nì sí ìkáwọ́ ìjọba àpapọ̀. Àbújá ni wọ́n ti ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ìwakùsà, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Baálẹ̀ abúlé tí ìwé náà kan lè máà mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ títí tí katakata yóò fi dé etí oko rẹ̀.

Àwọn olùkọ́ yunifásítì ti lọ sí Ìjerò lọ bu erùpẹ̀, wọ́n ti bu omi, wọ́n ti já ewé àyíká ibi ìwakùsà, wọ́n sì ti kọ àbájáde ìwádìí wọn sínú ìwé àwọn onímọ̀. Ìwé wọ̀nyẹn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó wà ní China lè kà wọ́n. Ìyá tó ń pọn omi ní àyíká ibi tí wọ́n ti bu erùpẹ̀ náà kò lè kà wọ́n, kò sì sí ẹni tí wọ́n rán sí i. Àwọn onímọ̀ mú erùpẹ̀ rẹ̀ lọ, wọ́n fi gba ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, wọn kò sì padà wá sọ ohun tí erùpẹ̀ wí fún un. Bí babaláwo bá dífá fún ènìyàn, tí ó wá lọ kọ ohun tí Ifá wí síbi tí ẹni tó wá dífá kò lè dé, kí ni à bá pè é? Alárá àti Ajerò kì í ṣe àjèjì nínú ẹsẹ Ifá. Ó yẹ kí àwọn ìlú wọn mọ̀ pé iṣẹ́ tí a bá rán tí kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a rán an sí, a kò tíì rán an.

Ẹ̀fọ̀n Aláayè náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Òkè ló yí ìlú náà ká. Òkúta tó wà lára òkè wọ̀nyẹn lókìkí láàárín àwọn onímọ̀ débi pé orúkọ Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n fi ń pè é: Effon Psammite. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa òkúta ní ilẹ̀ òkèèrè lè bá orúkọ Ẹ̀fọ̀n pàdé nínú ìwé kí ó tó mọ̀ pé ìlú kan wà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ẹ̀fọ̀n ló mọ̀? Mélòó nínú àwọn tó ń gé ara òkè láti kọ́lé ló ti gbọ́ láti ẹnu ẹni tó mọ̀ ọ́n, ní Yorùbá tó dán mọ́rán, ìdí tí gígé igi lórí òkè fi ń mú kí àgbàrá lágbára sí i nísàlẹ̀?

Àpẹẹrẹ tó ṣe kedere jù lọ wà ní Ìkógòsì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì tí Àrámọ̀kọ́ jẹ́ olú ìlú rẹ̀. Gbogbo ayé ló mọ omi gbígbóná Ìkógòsì. Ọ̀pọ̀ ìkéde ìrìn-àjò afẹ́ ló ń sọ pé ooru omi náà tó 70°C níbi tó ti ń sun jáde. Ohun tí àwọn onímọ̀ tó fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n kọ sílẹ̀ ni nǹkan bíi 37 sí 38°C, èyí tí kò yàtọ̀ sí ooru ara ènìyàn. Omi tó bá gbóná tó 70°C yóò bó ènìyàn lára lójú ẹsẹ̀. Lójoojúmọ́ ni àwọn àlejò ń ki ẹsẹ̀ bọ omi Ìkógòsì, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń ya fọ́tò, síbẹ̀ nọ́ńbà tí kò ṣeé ṣe yẹn ń lọ láti ojú ìwé kan sí òmíràn bí ẹni pé òótọ́ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo tó ní ẹ̀rọ ìwọn-ooru lọ́wọ́, tó sì mọ bí a ti ń kọ ìròyìn, ì bá ti tún un ṣe ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Bí irọ́ bá lè pẹ́ báyìí lórí ohun tí gbogbo ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ tọ́ wò, báwo ni yóò ti rí lórí ohun tí ojú kò lè rí nínú omi mímu?

Orílẹ̀-èdè yìí ti rí ohun tí irú àìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ná ènìyàn. Ní 2010, ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn ará abúlé ń wa wúrà, wọ́n ń gbé òkúta rẹ̀ wálé, wọ́n ń lọ̀ ọ́ nínú àgbàlá tí àwọn ọmọ wọn ti ń ṣeré. Òjé wà nínú òkúta náà. Eruku rẹ̀ bà sórí oúnjẹ, ó wọ inú omi, ó wọ ara àwọn ọmọdé. Nígbà tí àwọn dókítà àjọ Médecins Sans Frontières fi mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọ̀fọ̀ ti ṣẹ. Ó kéré tán, 400 ọmọdé ló kú. Àwọn òbí wọn fẹ́ràn wọn bí òbí gbogbo ti ń fẹ́ràn ọmọ. Ohun tí wọn kò ní ni ẹnì kan tí yóò sọ fún wọn ní èdè wọn, kí ikú tó dé, pé kí wọ́n má lọ òkúta yìí nínú ilé, kí wọ́n bọ́ aṣọ ibi iṣẹ́ kí wọ́n tó gbé ọmọ. Gbólóhùn méjì péré ni. Àwọn onímọ̀ ti mọ̀ ọ́n ṣáájú 2010 pé òjé ń pa ọmọdé. Ìmọ̀ wà, òǹsọ ni kò sí.

Òkúta Ìjerò kì í ṣe òkúta Zamfara, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi ìtàn Zamfara dáyà já àwọn ará Ìjerò. Kódà, ìdí mìíràn nìyẹn tí a fi nílò ẹni tó mọ̀ ọ́n, tó sì lè sọ ọ́. Níbi tí òótọ́ kò bá ti dé, àhesọ ni yóò gba ìjókòó. Àwọn kan á sọ pé gbogbo omi ti di májèlé, àwọn mìíràn á sọ pé kò sí ohun tó ń ṣe é, kò sì ní sí ẹni tí yóò mọ èyí tí yóò gbà gbọ́.

Àwọn tó fẹ́ràn ètò bó ti wà á ní àwíjàre mẹ́ta. Èkíní ni pé èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Àwíjàre ẹni tí kò gbìyànjú nìyí. Láti 1859 tí Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń fi Yorùbá gbé ìròyìn ayé. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, títí kan sáyẹ́ǹsì, ní Yorùbá fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà kò sì gọ̀. Àgbẹ̀ Èkìtì ní ọ̀rọ̀ fún ìlẹ̀dú, fún amọ̀, fún yanrìn, fún ṣẹ́lẹ̀rú, fún àgbàrá àti ọ̀gbàrá. Ó mọ òjé, ó mọ tánganran. Ọ̀rọ̀ kò wọ́n. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé a ti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ọdún mẹ́rin pé ohun tí kò bá le láti gbọ́ kì í ṣe ìmọ̀, ó sì gbà á gbọ́.

Àwíjàre kejì ni pé iṣẹ́ akọ̀ròyìn ni láti ṣàlàyé, iṣẹ́ onímọ̀ sì ni láti ṣèwádìí, kí oníkálukú dúró sí àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n akọ̀ròyìn wo? Ilé ìwé ìròyìn tó ní akọ̀ròyìn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kìkì sáyẹ́ǹsì àti àyíká kò pọ̀ ní Nàìjíríà, tí ìlú ńlá kò bá sì rí i gbà, kí ni kí a ti wí fún Ìjerò? Akọ̀ròyìn tí owó oṣù rẹ̀ kò dé déédéé, tí ó ń bo ìjọba, òṣèlú, ọlọ́pàá àti bọ́ọ̀lù pọ̀, ìwé tí ilé iṣẹ́ bá kọ ránṣẹ́ ni yóò gbé jáde. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní AAAS ti mọ èyí láti àárín ọdún 1970 sí 1979. Wọ́n ń mú akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì, wọ́n ń fi wọ́n sí ilé iṣẹ́ ìròyìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ní àkókò ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, kí wọ́n lè kọ́ bí a ti ń sọ ohun tí a mọ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ní ti ilẹ̀ wa, àjọ NUC fúnra rẹ̀ ti pín ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìròyìn sí ọ̀nà 7, ọ̀kan nínú wọn sì ni ìbánisọ̀rọ̀ fún ìdàgbàsókè. Ilẹ̀kùn ti ṣí, àwọn yunifásítì ni kò tíì wọlé.

Àwíjàre kẹta ni owó, òun nìkan ló ní ìwọ̀n díẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ₦2,500 lóṣù ni iye tí akẹ́kọ̀ọ́ SIWES ń retí lọ́wọ́ ìjọba, ọ̀pọ̀ wọn sì ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́ kí owó náà tó dé, bí ó bá dé rárá. Owó yẹn kò lè gbé akẹ́kọ̀ọ́ láti Adó dé Ìjerò lọ́sẹ̀ méjì. Ẹni tó bá sọ pé kí ọ̀dọ́ lọ gbé ní abúlé kan fún oṣù méjì láìsí owó oúnjẹ àti ibùsùn, ọmọ olówó nìkan ló ń pè. Ṣùgbọ́n owó kò wọ́n tó bí wọ́n ti ń wí. Òfin ohun àlùmọ́nì ti 2007, ní apá 116, pàṣẹ pé kí ẹni tó gba ilẹ̀ fún ìwakùsà bá àwọn ará àdúgbò ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lára ohun tí òfin náà dárúkọ fún irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ìkọ́ṣẹ́ àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún ọmọ ìlú. Ọ̀rọ̀ ìkọ́ṣẹ́ wà nínú òfin! Kò sí ohun tó dí ìlú Ìjerò lọ́wọ́ láti kọ ọ́ sínú àdéhùn pé apá kan owó náà yóò gbọ́ bùkátà akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò máa ṣàlàyé ìwakùsà fún àwọn ará ìlú.

Ewu kan wà níbẹ̀, kò sì yẹ kí a bò ó mọ́lẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ ìwakùsà bá ń san owó fún akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ sí ọwọ́, akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò di alágbàwí rẹ̀. Bí kánsù bá ń san án, yóò di akéde alága. Nítorí náà, yunifásítì ni kí owó gba ọwọ́ rẹ̀, kí ìlú sì ní aṣojú níbi tí wọ́n bá ti ń yàn wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lè sọ pé omi yìí dára, kí ó sì lè sọ pé omi tọ̀hún kò dára, kí ẹnikẹ́ni má lè fi òǹtẹ̀ lọ́gbúùkù halẹ̀ mọ́ ọn.

Ètò tó tọ́ kò ṣòro láti fojú inú wò. Kí wọ́n máa rán wọn ní méjì méjì: ọ̀kan láti ẹ̀ka ìmọ̀ òkúta ní EKSU tàbí láti ẹ̀ka ìmọ̀ omi àti ojú ọjọ́ ti FUOYE ní Ìkọ̀lé, èkejì láti ẹ̀ka iṣẹ́ ìròyìn. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera tó wà ní Ìjerò gan-an dara pọ̀ mọ́ wọn, nítorí àwọn tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ wọlé-wọlé ti mọ ojú ọ̀nà àgbàlá dáadáa. Kí ó jẹ́ oṣù méjì láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án. Àwọn òyìnbó ń fi oṣù wọ̀nyẹn gba oòrùn, ṣùgbọ́n níhìn-ín, òun ni àgbàrá fi ń bẹ òkè Ẹ̀fọ̀n wò, tí òjò sì ń kún kòtò tí awakùsà fi sílẹ̀ láìdí. Kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ọjà, ní ilé ẹ̀kọ́, ní ìpàdé àwọn àgbẹ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, àti lórí rédíò. Kí wọ́n mú àsọtẹ́lẹ̀ òjò tí NiMet ń gbé jáde lọ́dọọdún, kí wọ́n sọ ọ́ di ohun tí àgbẹ̀ Àrámọ̀kọ́ lè fi pinnu ìgbà tí yóò gbin nǹkan.

Kí ọ̀nà ìdánwò náà yí padà pẹ̀lú. Olùkọ́ tó bá lọ bẹ̀ wọ́n wò kò gbọdọ̀ béèrè lọ́gbúùkù ṣáájú. Kí ó jókòó sáàárín àwọn ará ìlú, kí ó bi ìyá oníṣu kan pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni àwọn ọmọ yìí sọ fún yín?" Bí ìyá náà bá lè sọ ọ́ padà ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yege. Bí ó bá ní, "Wọ́n sọ Gẹ̀ẹ́sì tó dùn, àmọ́ n kò mọ ohun tí wọ́n wí," akẹ́kọ̀ọ́ kùnà, bó ti wù kí òǹtẹ̀ inú lọ́gbúùkù rẹ̀ pọ̀ tó.

Láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, wọlé-wọlé ló ń gbé ìmọ̀ nípa àyíká dé ilé baba wa. Yóò ṣí ìkòkò omi, bí ó bá rí tanwíji níbẹ̀, ó di owó ìtanràn. Àwọn ènìyàn sá fún wọlé-wọlé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ pé tanwíji ni ọmọ ẹ̀fọn tí ń fa ibà. Ìmọ̀ tó bá dé bí àṣẹ, ìbẹ̀rù ló ń bí. Èyí tó bá dé bí àlàyé láti ẹnu ọmọ ẹni ni ènìyàn ń gbà sínú.

ITF, àwọn alákòóso EKSU àti FUOYE, àti alága ìjọba ìbílẹ̀ Ìjerò, Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì àti Ẹ̀fọ̀n kò nílò òfin tuntun kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà kan, ìpàdé kan àti akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ti tó fún ìlú mẹ́ta ní ìgbà òjò kan. Èkìtì ń fi ọ̀jọ̀gbọ́n tó bí yangàn káàkiri Nàìjíríà. Ìyangàn náà tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tó kún fún ọ̀jọ̀gbọ́n, tí ará Ìjerò kò sì mọ ohun tó wà nínú omi tó ń mu, oko ẹlòmíràn ló ń fi ìmọ̀ rẹ̀ ro.